Ìdánrawò ohun èlò skúbà ní Ìbàdàn kí n tó wọ omi tútù ní Ìlú Ọba

Àbẹ̀kẹ́ Bódìjà béèrè pé:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ẹ ń mòòkùn. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ní oṣù kẹta.

Láti kékeré ni mo ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ níbí ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n Òkun Pupa ní Íjíbítì ni mo ti gba ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí ó fún mi láyè láti lo ohun èlò skúbà (sílíńdà afẹ́fẹ́ àti ẹ̀rọ tí a fi ń mí lábẹ́ omi) dé ìwọ̀n mítà 18. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, dígírì 27 ni kọ̀ǹpútà ọwọ́ mi ń kà, aṣọ rọ́bà tí mo wọ̀ kò nípọn ju mìlímítà 3 lọ, mo sì ń rí ẹnìkejì mi kedere bí ẹni pé inú yàrá kan náà ni a jọ jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń gbé ní Leicester ti wá sọ pé bí mo bá dé, àwa méjèèjì yóò lọ sí Stoney Cove, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta nígbà kan rí, tí omi sì ti kún un báyìí, tí jíjìn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 36. Ó ní omi ibẹ̀ kì í sábà ju dígírì 5 tàbí 6 lọ ní àkókò yẹn. Kò sí iyọ̀ nínú rẹ̀, kò sì mọ́ gaara bíi ti Òkun Pupa.

Ní àràárọ̀ Sátidé, èmi àti ọkọ mi, tí òun náà ní ìwé ẹ̀rí, máa ń gbé ohun èlò wa lọ sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ilé ìtura kan nítòsí ilé wa, nítorí pé ẹni tí ó ń mójú tó ibẹ̀ gbà wá láyè kí àwọn oníbàárà tó dé. Ǹjẹ́ ìdánrawò inú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tilẹ̀ lè ràn mí lọ́wọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé òtútù gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí? Òjé tí a fi ń rì ńkọ́, èyí tí ó tó mélòó ni kí n so mọ́ ìdí? Ọkọ mi sì dábàá pé kí a lọ sí adágún Ẹlẹ́yẹlé, ó ní omi odò ni omi odò ń jẹ́, àti pé àìríran inú rẹ̀ yóò jọ ti ibi tí mo ń lọ. Ọkàn mi kò fi gbogbo ara gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ rí sí i?

Ọmọ Òkè-Àdó fèsì:

Àbúrò mi, ẹ kú ìmúra. Òkè-Àdó ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń mòòkùn nínú omi tútù ní Ìlú Ọba, mo sì mọ Stoney Cove dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi, nítorí pé òun ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ Sátidé yín kọ́.

Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, mo wà ní ìwọ̀n mítà 19 nínú omi dígírì 5. Mo ti ń sáré tẹ̀lé ẹni tí ó wà níwájú mi, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo wá tẹ bọ́tìnì láti fún jákẹ́ẹ̀tì mi, èyí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń mú wa léfòó, ní afẹ́fẹ́ ní àkókò kan náà. Kí n tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú yàà lẹ́nu régúlétọ̀ mi, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń mí láti inú sílíńdà, kò sì dáwọ́ dúró mọ́. Géèjì mi tí ó wà ní báà 120 (báà ni a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú sílíńdà) ti já sí báà 40 kí a tó yọrí sókè omi. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnìkejì mi tí kò jìnnà sí mi, tí ó sì fi ẹ̀rọ ìmí àfikún tirẹ̀ há mi lẹ́nu nígbà tí mo ti ń gbèrò láti sáré gòkè.

Ohun tí ó fà á nìyí. Nínú sílíńdà tí ó kún, nǹkan bí báà 200 ni a fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sí. Apá régúlétọ̀ tí a dè mọ́ orí sílíńdà ni ó ń dín agbára yẹn kù sí nǹkan bí báà 10 lórí ti omi tí ó yí wa ká, kí apá tí ó wà lẹ́nu wa tó tún dín in kù sí èyí tí ènìyàn lè mí. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ máa ń tutù bí ó bá ti ń tú. Ẹ lọ bá fọkanáísà tí ó wà ní ìkóríta yín, kí ẹ fi ìka sí ẹnu fáàfù nígbà tí ó bá ń jo táyà ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ ó rí i pé atẹ́gùn tí ń jáde níbẹ̀ tutù ju atẹ́gùn àyíká lọ. Nínú Òkun Pupa, ooru omi ni ó ń mú irin régúlétọ̀ yín padà bọ̀ sípò. Nínú omi dígírì 5, irin yẹn lè tutù kọjá òdo, omi tí ó fara kàn án yóò sì di yìnyín, nítorí pé ní dígírì òdo gan-an ni omi tí kò ní iyọ̀ ti ń dì, nígbà tí omi òkun kì í dì títí yóò fi lọ sí nǹkan bí dígírì méjì lábẹ́ òdo. Yìnyín kékeré yẹn ni ó ń há sí ibi tí fáàfù ti yẹ kí ó padé. Ìdí nìyí tí omi adágún tútù fi léwu fún régúlétọ̀ ju omi òkun tí ó tutù bákan náà lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò.

Nítorí náà, ẹ má ṣe dán régúlétọ̀ wò ní etí omi nípa títẹ bọ́tìnì iwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹ má sì máa mí sínú rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti tutù, nítorí pé ọ̀rinrin inú èémí yín lè dì sínú rẹ̀ kí ẹ tó wọ omi. Bí ẹ bá fẹ́ fún jákẹ́ẹ̀tì ní afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fún un, ní àárín èémí kan sí èkejì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ mú yín mí hẹlẹ.

Èyí tí ẹ lè kọ́ ní Ìbàdàn ni bí a ti ń mí láti inú régúlétọ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń tú láìdúró. Ẹ ó ti ṣe é nígbà tí ẹ ń gba ìwé ẹ̀rí, fún ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 30, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó. Kí ọkọ yín tẹ bọ́tìnì náà mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá kúnlẹ̀ sí ibi tí kò jìn. Ẹ má ṣe pa ètè dé mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí ó pọ̀ jù máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu jáde, kí ẹ máa fa èyí tí ẹ nílò mu bí ẹni ń fa ẹ̀kọ gbígbóná mu. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ na ọwọ́ sí ẹ̀rọ ìmí àfikún rẹ̀, kí ẹ fi í sẹ́nu, kí ẹ jọ gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣe é títí ìfòyà yóò fi kúrò nínú rẹ̀.

Olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, Mọ́kọ́lá fèsì:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ, ẹ jẹ́ kí n fi ti Ẹlẹ́yẹlé kún un, nítorí pé mo mọ ibẹ̀.

Ìyáàfin, ẹ má lọ síbẹ̀ o. Láti ọdún 1942 tí wọ́n ti sé Odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n ti ń pọn omi ibẹ̀ fún ìlú mu, àwọn apẹja sì ń dẹ àwọ̀n káàkiri inú rẹ̀. Òmùwẹ̀ tí kò ríran ju ìwọ̀n apá rẹ̀ lọ, tí ó gbé sílíńdà àti okùn rọ́bà oríṣiríṣi sẹ́yìn, ni àwọ̀n ń mú jù. Ewéko tí ó ń léfòó bo ojú omi náà kò ní jẹ́ kí ẹ rí ibi tí ẹ ó gbà jáde bí ẹ bá fẹ́ gòkè kíákíá. Bẹ́ẹ̀ ni àtọ̀sí ajá kò jìnnà sí irú omi tí kì í sáré báyìí, nítorí pé ara ìgbín kéékèèké tí ó ń gbé inú rẹ̀ ni kòkòrò àrùn náà ti ń jáde láti gba awọ ènìyàn wọlé. Òtútù tí ẹ ń wá pàápàá kò sí níbẹ̀. Omi Ẹlẹ́yẹlé kì í tutù dé ibi tí ẹ ń sọ, kódà nígbà ọyẹ́.

Bí ó bá jẹ́ àìríran ni ẹ fẹ́ kọ́, ẹ fi bébà dúdú bo awò ojú tí ẹ fi ń mòòkùn láti inú, kí ẹ sì lò ó nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ níbi tí ẹsẹ̀ yín ti lè tẹ ilẹ̀, kí ọkọ yín má sì gbé ojú kúrò lára yín. Ẹ máa fọwọ́ wá géèjì, ẹ̀rọ ìmí àfikún, àti ìdè bẹ́líìtì òjé. Ó yẹ kí ẹ lè wá wọn kàn bí ẹni ń wá iyọ̀ nínú ilé ìdáná tirẹ̀ nígbà tí iná bá lọ.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù ni ìbọ̀wọ́. Òtútù kò ṣeé kọ́ ní Ìbàdàn. Ìbọ̀wọ́ ṣeé kọ́. Nínú omi dígírì 5, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí ó nípọn tó mìlímítà 5 ni àwọn ènìyàn sábà máa ń wọ̀, pẹ̀lú ìborí tí ó bo orí, etí àti ọrùn. Ẹni tí kò bá ti lo irú rẹ̀ rí yóò ṣe bí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń mú ṣíbí. Ìka kì í mọ bọ́tìnì tí a fi ń fún jákẹ́ẹ̀tì ní afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń tú u jáde. Kò rọrùn láti fi ìka méjì di imú pọ̀ kí etí tó ṣí, pàápàá nígbà tí ìborí bá tún fún etí. Ẹ wá ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn jù lọ tí ẹ bá lè rí, kódà bí ó jẹ́ ti àwọn tí ń jó irin, kí ẹ sì tún gbogbo ẹ̀kọ́ yín ṣe pẹ̀lú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bọ́ awò ojú, ẹ tún un wọ̀, ẹ fẹ́ omi inú rẹ̀ dànù. Ẹ tú bẹ́líìtì òjé, ẹ tún un dè. Nígbà tí òtútù bá dé ní tòótọ́, kò ní sí àyè láti máa rò ó, ohun tí ọwọ́ bá ti mọ̀ nìkan ni yóò ṣe.

Tíṣà Físíìsì fèsì:

Lórí ọ̀rọ̀ òjé, ẹ jẹ́ kí n dá sí i ní ṣókí. Lítà kan omi òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó kílò 1.025, ti omi odò sì jẹ́ kílò 1. Omi òkun a máa gbé ènìyàn sókè ju omi odò lọ ní nǹkan bí ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ̀yin àti gbogbo ẹrù yín bá wúwo tó kílò 90, òjé tí ẹ lò nínú òkun yóò dín ní kílò méjì àti díẹ̀ nínú adágún, bí aṣọ bá jẹ́ ọ̀kan náà.

Aṣọ kò sì ní jẹ́ ọ̀kan náà. Aṣọ mìlímítà 7 pẹ̀lú ìborí kún fún afẹ́fẹ́ ju ti mìlímítà 3 lọ, òjé tí yóò fẹ́ láti rì yóò ju èyí tí omi odò dín kù lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé iye kankan láti Ìbàdàn lọ. Ẹ wọn ara yín ní ojú omi ibẹ̀: kí sílíńdà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ní nǹkan bí báà 50, kí jákẹ́ẹ̀tì ṣófo, kí ẹ sì mí sínú díẹ̀ kí ẹ dá a dúró. Bí omi bá dé ìwọ̀n ojú yín, òjé yín tó. Bí sílíńdà bá kún nígbà tí ẹ ń wọn ara yín, ẹ rántí pé afẹ́fẹ́ inú sílíńdà lítà 12 ní báà 200 wúwo tó nǹkan bí kílò 3, gbogbo rẹ̀ ni yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ti kúrò nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀. Ní ìsàlẹ̀, omi yóò tẹ aṣọ rọ́bà náà títí yóò fi fẹ́lẹ́. Ẹ ó wá rì ju ti òkè lọ, òtútù yóò sì tún wọlé sí i.

Ìyá Ìbejì, nọ́ọ̀sì fèsì:

Ẹ kú ìrònú jinlẹ̀ o, gbogbo yín. Ìyáàfin Àbẹ̀kẹ́, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Òtútù máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fún, ẹ̀jẹ̀ yóò sì sá wá sí àyà. Lára àwọn kan, pàápàá àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga tẹ́lẹ̀, omi ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí wọ́n ṣì wà lábẹ́ omi. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ń wú ikọ́, tí èémí kò délẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé régúlétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ parí ìmòòkùn náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì wá dókítà.

Bí omi tútù bá kan ojú àti ọrùn, ara yóò ṣàdédé fa èémí ńlá sínú, mímí yóò sì yá ju bí ènìyàn ti fẹ́ lọ. Kì í ṣe àìlọ́kàn. Bí ara ti rí nìyẹn, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta. Ẹ dúró ní ojú omi, kí ẹ di okùn tàbí àtẹ̀gùn mú, kí ẹ fi ojú bọmi díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má sì sọ̀kalẹ̀ títí èémí yóò fi padà sípò. Bí omi tútù bá tètè wọ etí kan ju èkejì lọ, òòyì lè kọ́ yín fún ìgbà díẹ̀. Ẹ di nǹkan mú, yóò kọjá.

Omi ń gba ooru lára ènìyàn ní nǹkan bí ìgbà 25 ju bí afẹ́fẹ́ ti ń gbà á lọ. Ara wa tí ó wà ní dígírì 37 kò gbọdọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ 35. Nígbà tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ fi àmì hàn ẹnìkejì yín pé ó tó, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ìka kò ní lè dì mọ́. Àwọn kan gbà pé ògógóró máa ń mú ara gbóná. Ṣe ni ó ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ sílẹ̀ kí ooru lè tètè jáde, ẹ jìnnà sí i kí ẹ tó wọ omi àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá jáde, ẹ bọ́ aṣọ tútù, ẹ wọ èyí tí ó gbẹ, ẹ mu ògì gbígbóná tàbí tíì. Ẹ má sì sáré lọ wẹ omi gbígbóná janjan lójú ẹsẹ̀, nítorí pé gáàsì náítírójìn tí ó ti wọ ara yín ní ìsàlẹ̀ kò tíì jáde tán, ooru òjijì sì lè mú un hó nínú ara.

Àbẹ̀kẹ́ Bódìjà:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ọkọ mi létí, ó sì ti gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́yẹlé mọ́.

Sátidé àná, mo wọ ìbọ̀wọ́ tí mo yá lọ́wọ́ wẹ́dà kan ní àdúgbò wa. Ìgbà mẹ́ta ni mo gbìyànjú láti tú bẹ́líìtì òjé tí n kò rí i tú, èyí tí mo ń tú ní ìṣẹ́jú àáyá méjì pẹ̀lú ọwọ́ lásán. N kò mọ̀ pé ó burú tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di ìgbà ìkẹwàá, ó ti rọrùn díẹ̀. Mo tún gbìyànjú régúlétọ̀ tí ń tú, mo gbé omi mì lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ bí a ti ń gbé orí sí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n mo dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi dára, ti ọkọ mi ni wọ́n ní kí ó padà wá fún àyẹ̀wò, èyí tí a kì bá tí mọ̀ bí kì í bá ṣe ẹ̀yin.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù. Régúlétọ̀ tí mo rà nígbà tí mo lọ sí Íjíbítì ṣì tuntun. Ṣé kí n gbé e dání lọ ni, tàbí kí n yá òmíràn níbẹ̀?

Ọmọ Òkè-Àdó fèsì:

Ẹ káre, àbúrò mi, ìṣẹ́jú kan gbáko kì í ṣe kékeré. Ẹ yẹ ara régúlétọ̀ náà wò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ òfin àjùmọ̀lò ilẹ̀ Yúróòpù sí, ìyẹn EN 250. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ ">10°C" tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe é fún omi tí kò tutù ju dígírì 10 lọ. Kò bá Stoney Cove mu ní oṣù kẹta, bí ó ti wù kí ó tuntun tó. Èyí tí ẹ nílò ni irú tí wọ́n ti dí ibi tí omi ń gbà wọ apá orí sílíńdà. Ẹ tún ní kí ẹ̀gbọ́n yín bá olùkọ́ kan sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ní Stoney Cove, ibi pẹrẹsẹ kan wà tí jíjìn rẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà 6 sí 7 lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ lo ọjọ́ àkọ́kọ́ yín pátápátá. Bí wọ́n bá fún yín ní aṣọ tí omi kì í wọ̀, ẹ má gbà á láìjẹ́ pé wọ́n kọ́ yín ní lílò rẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè sá lọ sí ẹsẹ̀ kí ó sì yí yín dojú dé.

Àbẹ̀kẹ́ Bódìjà:

Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀gbọ́n. ">10°C" ni wọ́n kọ sí i, lẹ́tà kékeré tí n kò kíyè sí rí. Yóò dúró sí Bódìjà fún ìdánrawò Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi yóò sì yá èyí tí ó yẹ sílẹ̀ dè mí. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kí ó wá olùkọ́ fún ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní òun yóò pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí.